Bàbá Àdúrà Kò Tíì Gbá Igi

Tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé áńgẹ́lì ló gbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dúró lórí igi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi onítọ̀hún pé irú òwú wo ni áńgẹ́lì náà fi rán bẹ́líìtì. Èmi ni mo rán an. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ náà ni mo rán an, lórí ẹ̀rọ tí mo fi ń rán ìjókòó mọ́tò, òwú dúdú tó nípọn, ìlà mẹ́rin tẹ̀léra. Mi ò sọ pé kì í ṣe Ọlọ́run o. Ẹ má lọ fi ẹjọ́ mi sun pásítọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọ̀rọ̀ tó kan áńgẹ́lì, èèyàn mẹ́ta wà ní ìsàlẹ̀ igi yẹn, ojú wọn là kedere, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì lo ojú tí Ọlọ́run fún un. Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí inú bí ẹ̀yin náà.

Iṣẹ́ igi ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe. Kì í ṣe pé ó ń wó igi. Àwọn igi ẹ̀bá títì ló ń tọ́jú fún iléeṣẹ́ kan. Ó ń gé ẹ̀ka tó bá fẹ́ kan wáyà iná, èyí tó bá gbẹ, èyí tó bá dorí kọ òrùlé onílé. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí ẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le débi pé tó bá fẹ́ fi pa ọmọ mi lórí, ọmọ á yẹrí. Tó bá dé ilé ẹnikẹ́ni, igi inú ọgbà ló máa kọ́kọ́ wò kó tó kí onílé. Ní ti ìjà, kò mọ̀ ọ́n jà. Nígbà tí ìyá wa kú, tí àwọn mọ̀lẹ́bí ń du bẹ́ẹ̀dì àti àpótí aṣọ, òun ló bá wọn gbé ẹrù jáde sínú ọkọ̀. Ìyá wa ti máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ìbínú tó yẹ kí òun pín sára àwa méjèèjì, èmi nìkan ni mo gbà á tán.

Ọdún kejì tó dénú iṣẹ́ yẹn ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ gun igi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀ka kán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì já bọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Kò tún dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kì í fọwọ́ kan ayùn títí tó fi máa gbàdúrà lókè igi. Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á gùn ún, á de bẹ́líìtì yí igi ká, á ṣí akoto tó dé kọ́ ẹ̀ka kékeré kan, torí ọkùnrin kì í dé fìlà gbàdúrà, á wá fi iwájú orí ti èèpo igi, á di ojú. Ẹnu rẹ̀ kì í mì. Tó bá ṣe tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pà, pà, pà. Ìyẹn ni Àmín rẹ̀. Á gbé akoto rẹ̀ dé, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Àdúrà. Nígbà tó yá, gbígbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn di aago iṣẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fa okùn, kò sẹ́ni tó jẹ́ tan ẹ́ńjìnnì ayùn, àfi tí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Obìnrin tó ń di okùn mú nísàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Aláròyé, ẹni tó sì fún un lórúkọ yẹn kò jẹ̀bi. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Tí wọ́n bá fẹ́ gé ẹ̀ka ńlá, wọ́n á kọ́kọ́ so ó, wọ́n á gbé okùn náà gba orí igi kọjá, wọ́n á wá we ìdí rẹ̀ mọ́ igi nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Aláròyé ló ń dẹ okùn yẹn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ka tó wúwo ju òun àti dírẹ́bà lọ, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, láàárín mọ́tò méjì, láìfọ́ gíláàsì kankan. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe é. Kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní tó bá di Sọ́ńdè, ẹsẹ̀ òun kì í gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń gbàdúrà, òun á máa ká okùn, á máa sọ̀rọ̀ sókè, "Bàbá, Ọlọ́run ti gbọ́, ẹ jẹ́ kí Ó rí àwọn tó kù dá lóhùn o!" Ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti gbá igi tán, òun náà ló ń kọ́kọ́ dáhùn, "Mo gbọ́, Bàbá!" Ìgbà náà ló tó máa fa okùn.

Ẹnì kẹta ni dírẹ́bà ọkọ̀ wọn. Ẹnì kẹrin ni ọ̀gá wọn, alàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀. Ibi tí ohùn rẹ̀ dùn dé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò ní gbàgbọ́ pé òun náà ni ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́ta bẹ̀ pé kó bá òun béèrè bẹ́líìtì tuntun, tó ń sọ pé, "Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Àdúrà, yóò dé." Bẹ́líìtì kò dé. Ibi tí irin ti kan awọ ti fẹ́ já tán kí n tó gbà á rán tipátipá. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àyà ń fún ẹ̀gbọ́n mi, apá òsì ń ro ó. Ó tọrọ ọjọ́ kan ṣoṣo kó fi lọ rí dókítà. Alàgbà ní òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ pọ̀, kó jẹ́ kí wọ́n parí àdúgbò yẹn ná. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa. Ó dáa! Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀, mo fẹ́ yí tábìlì dànù.

Ó di ọjọ́ Wẹ́sìdeè, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Igi ńlá kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iléèwé, ó ti fara ti wáyà iná. Ẹ̀gbọ́n mi gùn ún. Ó de bẹ́líìtì. Ó fi akoto kọ́ ẹ̀ka. Ó fi iwájú orí ti igi.

Aláròyé ká okùn rẹ̀ tán, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tú okùn náà palẹ̀, ó tún un ká. Ó wòkè. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "Bàbá Àdúrà kò tíì gbá igi."

"Igi tòní tóbi," ni Alàgbà wí. "Àdúrà rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tóbi. Ẹ jẹ́ ká tètè jẹun wa kó tó parí."

Ó wá jókòó sídìí ọkọ̀, ó gbé ìkòkò tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó ya búrẹ́dì. Dírẹ́bà náà jókòó tì í. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ni àwọn àgbà wí. Èyí wà lọ́jà o, ó ń ki búrẹ́dì bọ tíì.

"Ọ̀gá, ó ti pẹ́ jù. Mo mọ ìwọ̀n àdúrà rẹ̀. Okùn yìí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Kì í ju kíká kan lọ."

"Ìwọ tí o kì í gbàdúrà, níbo lo ti mọ ìwọ̀n àdúrà? Má dí ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi lẹ́yìn náà, ojú sì ń tì í. Ó ní ó lé díẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi jókòó síbẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi so rọ̀ mọ́ igi lókè orí wọn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀. Nígbà tó yá ni akoto já bọ́. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tíì, ó yí lọ sójú títì. Alàgbà ní afẹ́fẹ́ ni.

Aláròyé ní, "Afẹ́fẹ́ wo? Ewé kan ò mì! Akoto èèyàn bọ́ láti òkè, kò wo ilẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ẹ̀ ń sọ pé àdúrà ni? Ta ló ń gbàdúrà tí bàtà rẹ̀ ń gbọ̀n báyẹn?"

Ó gbé àkàbà. Alàgbà dìde, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní ìwé òfin iléeṣẹ́ kò gbà kí ẹni tí kò ní bẹ́líìtì gun igi, òun kò sì fàyè gbà á. Aláròyé ti dé àárín àkàbà nígbà yẹn. Ó fi okùn rẹ̀ kọ́ ọrùn. Níbi tí àkàbà parí sí, ó fi ọwọ́ àti orúnkún gun èyí tó kù, obìnrin tó ti bí ọmọ mẹ́ta. Nígbà tó dé òkè, òógùn ti bo ẹ̀gbọ́n mi, ètè rẹ̀ ti dúdú, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ́jú. Aláròyé gbé okùn gba orí ẹ̀ka kọjá, ó ju ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

"Dírẹ́bà!" ni Aláròyé kígbe. "We ìdí okùn mọ́ igi lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe máa ń ṣe é! Tí o bá tú u sílẹ̀ lójijì, mo bá ìyá ẹ jà lónìí!"

Ó so okùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ apá, ó so ó mọ́ itan rẹ̀, ó tú bẹ́líìtì tí mo rán. Wọ́n sì sọ ẹ̀gbọ́n mi kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Aláròyé ṣe ń sọ ẹ̀ka kalẹ̀ láti ọdún mẹ́fà wá, díẹ̀díẹ̀, láìkan ògiri. Ilé ìwòsàn kò jìnnà. Dókítà obìnrin tó gbà wọ́n níbẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan tó ń bọ́ ọkàn rẹ̀. Wọ́n gba ọwọ́ rẹ̀ ti wáyà tín-ín-rín kan wọlé títí dé ọkàn, wọ́n fi la ibi tó dí. Mo bi í pé tí wọ́n bá tún fi ìdajì wákàtí kún un ńkọ́? Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́, mà."

Mo dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ilé ìwòsàn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí orúnkún mi fi bó. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kú láti ọdún méje, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni mo gbé e wá. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo kó àwọn fóòmù ìjókòó kúrò nínú ẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ló wà tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ife omi mú, tí Alàgbà fi wá kí i pẹ̀lú ọsàn mẹ́fà nínú ọ̀rá. Ó gbàdúrà, ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ìjọ, ẹ̀gbọ́n mi á kàn fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn, kó ní áńgẹ́lì ló gbé òun dúró.

Mo ní, "Alàgbà, Aláròyé ńkọ́?"

Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. "Àǹtí, ọ̀rọ̀ yẹn le díẹ̀. Ó gun igi láìgbàṣẹ, láìní bẹ́líìtì. Iléeṣẹ́ ní òfin. A ti fún un ní ìwé kúẹ́rì, Mọ́ńdè láago mẹ́wàá ló máa wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá àgbà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á ní kó máa lọ."

"Ta ló kọ ìwé náà?"

"Èmi ni ọ̀gá wọn, Àǹtí. Ta ni ẹ fẹ́ kó kọ ọ́?"

Ẹ ò rí i! Tí kò bá sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn Aláròyé, àwọn ọ̀gá àgbà á béèrè ohun tí Alàgbà ń ṣe fún ogún ìṣẹ́jú. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè ọ̀rọ̀ búrẹ́dì, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta á pàdánù iṣẹ́. Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ èyí tó ṣe é sọ, mo sọ èyí tí kò ṣe é sọ. Mo ní kó gbé ọsàn rẹ̀. Oníbàárà tó wá gba ìjókòó mọ́tò rẹ̀ sá padà láti ẹnu ọ̀nà.

Alàgbà lọ tán, mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa dákẹ́ náà ni? Oore pẹ́, aṣiwèrè gbàgbé. Obìnrin yìí fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí yín!"

Ó ní, "Mọ́ńdè, aago mélòó?"

"Mẹ́wàá."

Ó ní kí n bá òun bó ọsàn kan. Alàgbà ti gbàgbé láti gbé e. Mo bó o, àmọ́ mo fi ìbínú bó o débi pé ẹran ara ọsàn náà bá èèpo lọ.

Ní Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Mo lọ mú Aláròyé nílé rẹ̀ fúnra mi, mo ní tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbọ́ràn, màá pọ̀n ọ́n. Ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá ló yàn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Alàgbà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní nígbà tí ọ̀tá dé, òun sọ fún gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dí arákùnrin wa lọ́wọ́, torí òun rí i nínú ẹ̀mí pé ó ń bá Baba sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ wo ohun tí àdúrà ṣe! Ó ní áńgẹ́lì gbé e dúró! Ìjọ ké Halelúyà. Mo di ìjókòó iwájú mi mú kí n má bàa dìde.

Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó rìn dé iwájú. Kò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó di etí pẹpẹ onígi tí wọ́n ti ń wàásù mú, ó kọ́kọ́ mí.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ọlọ́run ló gbà mí. Tí kì í bá ṣe Òun, èmi kọ́ lẹ̀ bá máa wò lónìí. Mo fẹ́ sọ èyí tí Alàgbà fò. Mi ò dákú. Ohùn mi ni kò jáde, ọwọ́ mi ni kò gbé, ṣùgbọ́n mò ń ríran, mo sì ń gbọ́ràn. Mo rí Alàgbà. Mo rí i nígbà tó ya búrẹ́dì. Mo rí i nígbà tó da ìsàlẹ̀ tíì nù, tó tún bu òmíràn. Mo gbọ́ tó ní kí wọ́n má dí mi lọ́wọ́, mò ń gbàdúrà."

Kò sọ èyí fún mi rí. Gbogbo òru tó ti sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, kò sọ ọ́.

"Mo gbàdúrà lóòótọ́," ó ní. "Ohun tí mò ń sọ ni pé, Olúwa, jẹ́ kí ẹnì kan nísàlẹ̀ yẹn mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà ni mò ń gbà."

Ọmọ ọwọ́ kan sunkún, ìyá rẹ̀ tètè fún un lọ́mú.

"Ọlọ́run gbọ́. Ẹni tó rán ló jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Lọ́la, aago mẹ́wàá, wọ́n fẹ́ lé e kúrò níṣẹ́ torí pé ó jẹ́ iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an. Alàgbà ló kọ ìwé ẹ̀. Èmi náà á wà níbẹ̀ láti sọ ohun tí mo rí. Ẹ̀rí mi nìyẹn."

Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì fi gbá pẹpẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pà, pà, pà.

Láti ẹ̀yìn, kí Aláròyé tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ohùn rẹ̀ ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kan, "Mo gbọ́, Bàbá!"

Wọn kò lé e. Èèyàn mọ́kàndínlógún láti inú ìjọ ló bá wa lọ ní Mọ́ńdè, wọ́n kún ojú àtẹ̀gùn iléeṣẹ́ náà, pásítọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá àgbà fa ìwé náà ya níwájú wa. Ẹ̀gbọ́n mi kò gun igi mọ́, ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ó ní òun ti dárí ji Alàgbà láti orí igi, kí akoto òun tó já bọ́ pàápàá. Òun nìyẹn. Èmi mọ ìjókòó tí Alàgbà ń jókòó lé ní ọjọọjọ́ Sọ́ńdè, iwájú ló ṣì wà, ohùn rẹ̀ ṣì dùn, títí di òní yìí kò sì tíì lọ bẹ Aláròyé.